Òjò Kíkan Kò Mọ Ààlà

Nígbà kan, ẹja ń kú nínú adágún ilẹ̀ Swídìn láìsí ẹni tí ó da májèlé sí i. Ní 1967, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ Svante Odén tú àṣírí náà. Èédú tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti àárín gbùngbùn Yúróòpù fi ń dáná ní imí-ọjọ́ nínú. Èéfín rẹ̀ a di omi kíkan nínú ìkùukùu, afẹ́fẹ́ a sì gbé e rọ̀ sí ilẹ̀ aládùúgbò. Ní 1985, ní Helsinki, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè pinnu láti dín èéfín náà kù ní ìdá 30 nínú 100. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n òun náà dín tirẹ̀ kù nígbẹ̀yìn. Adágún púpọ̀ sì ti ń sàn. Afẹ́fẹ́ kì í dúró ní ibodè: ẹni tí ó dáná ni kí ó ṣọ́ èéfín rẹ̀.