Ẹ̀kọ́, Ìgbàgbọ́ àti Ìtọrẹ-Àánú: Ohun tí Ààwẹ̀ Àwọn Àgùdà Lè Kọ́ Wa

Ọ̀rọ̀ tí oníṣòwò kan bá àwọn ọmọ Yorùbá ìlú Jos sọ níbi ìkówójọ fún ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wa

  

Àwọn ìgbìmọ̀ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wa. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́, mo rò pé wọ́n ń bá mi ṣàwàdà ni, nítorí ìwé mẹ́fà péré ni mo kà kí n tó bọ́ sídìí òwò aṣọ. Ṣùgbọ́n akọ̀wé ẹgbẹ́ dá mi lóhùn pé ẹni tó jẹun àjẹyó lè máà mọ iyì oúnjẹ tó ẹni tó tọ́ ọ wò díẹ̀. Mo gbà fún un. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí nínú ìwé mẹ́fà mi, pàápàá nísinsìnyí tí ọdún Àjíǹde ti dé tán.

Mùsùlùmí ni mí. Ọ̀fà ni bàbá mi ti wá sí ìlú yìí. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ìjọ Àgùdà dá sílẹ̀ ni mo sì lọ. Oṣù kẹsàn-án ọdún 1976 ni mo wọlé, ọdún tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ jákèjádò Nàìjíríà, ohun tí Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ti ṣe fún tiwọn láti oṣù kìíní ọdún 1955. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ẹgbẹ́ mi rántí bí wọ́n ṣe ń wọn ọjọ́ orí wa nígbà náà: kí o gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá, kí o fi kan etí òsì. Bí ọwọ́ kò bá tó etí, padà sílé lọ máa jẹun sí i! Lóòótọ́, ìjọba ti gba ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ àwọn ìjọ nígbà náà, ṣùgbọ́n àṣà àwọn Fadá ṣì wà níbẹ̀. Agogo ń dún ní ọ̀sán gangan fún àdúrà. Aṣọ ní láti mọ́. Bí o bá pẹ́ dé, ìwọ lo máa gbá àgbàlá.

Àwọn ọmọ ìsinsìnyí lè béèrè ìdí tí Yorùbá fi ń pe ìjọ Kátólíìkì ní ìjọ Àgùdà. Àwọn ènìyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí ìlú Bùràsíìlì, tí wọ́n sì padà wá sí Èkó, àwọn là ń pè ní Àgùdà. Àwọn ló gbé ìgbàgbọ́ náà bọ̀. Kí Fadá aláwọ̀ funfun kankan tó wá fìdí kalẹ̀ ní Èkó lọ́dún 1868, ẹrú kan tó ti gba òmìnira, tí wọ́n ń pè ní Pa Antonio, ti ń kó wọn jọ gbàdúrà. Àwọn Fadá ẹgbẹ́ SMA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ìlú Lyon lórílẹ̀-èdè Faransé lọ́dún 1856, ló wá tẹ̀ lé wọn. Lọ́dún 1895 wọ́n dá ilé ìwòsàn sílẹ̀ ní Láńtorò, l'Ábẹ́òkúta. Ní ọdún 1907 wọ́n dé Shendam, níhìn-ín ní Ìpínlẹ̀ Plateau. Ibi tí wọ́n bá dé, bí ilé àdúrà bá ti wà, ẹ óò rí ilé-ìwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ óò sì rí ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú aláìsàn.

A kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún ara wa. Ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ayé àtijọ́ ló bẹ̀rù ilé-ìwé àwọn míṣọ́nnárì. Wọ́n rí i pé ọmọ tó lọ pẹ̀lú orúkọ Lásísì lè padà wálé pẹ̀lú orúkọ Láṣárù. Ìbẹ̀rù yẹn wà lára ohun tó mú kí àwọn bàbá wa dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ ní Èkó lọ́dún 1923, kí àwa náà lè ní ilé-ẹ̀kọ́ tiwa. Wọ́n ṣe ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n bàbá tèmi kò rí ilé-ìwé Mùsùlùmí nítòsí. Ó ní: "Ìwé àárọ̀ ti Fadá ni, wàláà ìrọ̀lẹ́ ti Ààfáà ni. Bí o bá sá nínú ọ̀kan, màá nà ọ́ fún méjèèjì." Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe lọ, tí mo sì bọ̀, tí orúkọ mi kò sì yí padà.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí ààwẹ̀ wọn. Ọjọ́rú Eérú ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Fadá á fi eérú ṣe àmì àgbélébùú síwájú orí wọn, láti rán ọmọ ènìyàn létí pé erùpẹ̀ ni. Láti ọjọ́ yẹn títí di ọjọ́ tó ṣáájú Àjíǹde, bí a bá yọ àwọn ọjọ́ Ìsinmi kúrò, ó jẹ́ ogójì ọjọ́ gééré. Ohun mẹ́ta ni wọ́n máa ń tẹnu mọ́ fún wa: àdúrà, ààwẹ̀ àti ìtọrẹ-àánú. Wọ́n ní ẹsẹ̀ àdògán ni. Bí o bá yọ ọ̀kan, ìkòkò á dànù.

Tíṣà wa a gbé agolo mílíìkì kan sórí tábìlì rẹ̀, tí wọ́n ti lu ihò tóóró sí lórí. Kọ́bọ̀ kan tí ọmọ ì bá fi ra kúlíkúlí tàbí gúgúrú nígbà ìsinmi ọ̀sán, inú agolo yẹn ló ń lọ. Ẹni tó bá wù ú ló ń fi sí i. Wọn kì í fi dandan mú wa ọmọ Mùsùlùmí, ṣùgbọ́n a máa ń fi sí i. Tíṣà wa sọ ohun kan tí n kò gbàgbé láti ọjọ́ yìí. Ó ní bí ọmọ bá lọ gba owó mìíràn lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ láti fi sínú agolo, tí òun fúnra rẹ̀ sì ra kúlíkúlí tirẹ̀ jẹ yó, bàbá rẹ̀ ló tọrẹ, kì í ṣe òun.

Ẹ̀yin oníṣòwò ẹgbẹ́ mi, ẹ gbọ́ ìṣirò náà. Bí mo bá gbààwẹ̀, tí owó oúnjẹ ọ̀sán mi sì padà sínú àpò mi, mo ti jèrè, n kò tí ì tọrẹ. Ààwẹ̀ á pé nígbà tí ohun tí n kò jẹ bá dé ẹnu ẹni tí kò rí jẹ. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí àwa Mùsùlùmí. Sàká tí a ń yọ nínú owó, ọ̀kan nínú ogójì ni. Kí a tó lọ kírun Ìtúnu Ààwẹ̀, a gbọ́dọ̀ ti yọ oúnjẹ fún aláìní, kí ọdún lè jẹ́ ọdún fún òun náà. Ní ọdún 2025, Ramadan bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta, Ọjọ́rú Eérú sì bọ́ sí ọjọ́ karùn-ún oṣù náà. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni a fi jọ ń gbààwẹ̀ nínú ọjà kan náà, tí ebi kan náà ń pa wá.

Bí ọdún Àjíǹde bá ku díẹ̀, wọn á tú agolo náà, wọn á fi ra ìrẹsì, iyọ̀ àti ọṣẹ. Àwa ọmọ ìwé la máa ń gbé e lọ fún àwọn arúgbó àti opó. Wọn kò béèrè bóyá Bírọ́ọ̀mù ni tàbí Haúsá, Íbò tàbí Yorùbá. Ṣùgbọ́n àwọn ẹrù kan wà tí wọn kò jẹ́ kí a gbé. Alẹ́ ni ẹni tó ń lu agogo ìjọ máa ń gbé ìyẹn lọ. A kò mọ ìdí rẹ̀ nígbà náà. Ó lé ní ogún ọdún lẹ́yìn tí a ti jáde kí ẹnì kan tí a jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan tó sọ fún mi pé ilé ìyá òun ni ọ̀kan nínú ẹrù alẹ́ yẹn máa ń dé, lẹ́yìn tí bàbá òun kú. Ó ní: "Ká ní ẹ̀yin lẹ gbé e wá ni, n kì bá tí padà sí ilé-ìwé mọ́." Ọkùnrin náà parí ìwé rẹ̀, ó sì di olùkọ́.

Ọjọ́bọ̀ Mímọ́ tún wà, èyí tó ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n kan Jésù mọ́ àgbélébùú. Lọ́jọ́ yẹn, Fadá á wẹ ẹsẹ̀ ènìyàn méjìlá, bí Jésù ṣe wẹ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọmọdé ló ń dọ̀bálẹ̀ fún àgbà. Àgbà kì í kúnlẹ̀ ti ẹsẹ̀ ọmọdé. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ pé Fadá tí gbogbo wa ń bẹ̀rù kúnlẹ̀ wẹ ẹsẹ̀ ọmọ ìwé márùn-ún, mo rò pé irọ́ ni. Lọ́dún 2013, Póòpù Francis, ẹni tó kú ní ọjọ́ kejì Àjíǹde ọdún 2025, lọ sí ẹ̀wọ̀n àwọn ọ̀dọ́ kan ní ìlú Róòmù, ó wẹ ẹsẹ̀ àwọn méjìlá níbẹ̀. Àwọn Mùsùlùmí wà lára wọn. Ohun tí èmi rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ẹni tó bá fẹ́ ran ènìyàn lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ dúró sókè kí ó máa ju nǹkan sílẹ̀ fún un.

Ẹ̀yin ará mi, kí ló kan àwa nínú gbogbo èyí? Ó kàn wá púpọ̀. Ìlú Jos tí wọ́n bí mi sí kọ́ ni mo ń gbé lónìí. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2001, àti nínú rògbòdìyàn ọdún 2008 àti 2010, ẹ̀mí ṣòfò, ilé jóná, àwọn àdúgbò sì pín sí méjì. Ọ̀pọ̀ ọmọ Mùsùlùmí àti ọmọ Kristẹni ni kò jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà mọ́. Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Ignatius Kaigama, tó darí ìjọ Àgùdà níhìn-ín láti ọdún 2000 títí di 2019, sa ipá rẹ̀ láti mú kí tọ̀tún-tòsì jọ jókòó sọ̀rọ̀. Àwa Yorùbá ló yẹ kí iṣẹ́ yẹn rọ̀ lọ́rùn jù, nítorí nínú agbo ilé wa, ẹ̀gbọ́n lè jẹ́ Àlùhájì, kí àbúrò jẹ́ díákónì, kí wọ́n sì jọ pa ẹran ọdún. Bí àwa bá jẹ́ kí àwọn ọmọ wa pín, ta ni yóò wá fi bí wọ́n ṣe ń jọ gbé han ìlú?

Ẹ sì rántí ọjà ńlá wa tó jóná lọ́dún 2002. Iṣẹ́ ogún ọdún àwọn kan di eérú láàárín òru. Ìsọ̀ jóná, ọjà jóná, ìwé gbèsè jóná. Ohun tí ọmọ ti kọ́ sínú orí kò jóná. Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Lónìí, àwọn ọmọ wa kan wà tí wọ́n ti ń lé wálé nítorí owó ilé-ìwé, tí wọ́n ń ti ọmọlanke nínú ọjà tí a ti ń tajà. A mọ̀ wọ́n, a mọ ìyá wọn.

Nítorí náà, mo ní àbá mẹ́rin fún ẹgbẹ́ wa. Èkíní, kí agolo kan wà nínú ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí a máa fi owó ohun tí a fi du ara wa sínú rẹ̀: ẹ̀yin Kristẹni nígbà Lẹ́ńtì, àwa Mùsùlùmí nígbà Ramadan. Èkejì, kí Mùsùlùmí kan, Kristẹni kan àti ìyálọ́jà kan jọ máa tọ́jú owó náà, kí wọ́n máa san án ní ilé-ìwé tààrà, kí wọ́n sì ka ìṣirò rẹ̀ fún wa lọ́dọọdún. Ẹ̀kẹta, kí wọ́n má wo ẹ̀sìn ọmọ. Àìní rẹ̀ ni kí wọ́n wò.

Ẹ̀kẹrin ló ká mi lára jù. Mo mọ̀ pé ìkówójọ la wà yìí. Láìpẹ́, alága ètò á gba gbohùngbohùn, ìlù á dún, a ó máa pe orúkọ ẹni tó fún wa ní iye báyìí. Jésù kìlọ̀ fún àwọn tirẹ̀ pé kí wọ́n má fọn fèrè bí wọ́n bá ń tọrẹ. Kùránì náà sọ pé ó dára kí a tọrẹ ní gbangba, ṣùgbọ́n pé èyí tí a bá ṣe ní ìkọ̀kọ̀ dára jù. Èmi kò ní ká má lùlù o. Oníṣòwò ni mí, mo mọ̀ pé ìlù a máa mú kí ọwọ́ wọ àpò. Ẹ pe orúkọ ẹni tó fúnni. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ má pe orúkọ ọmọ tó gbà á. Ẹ má tò wọ́n síwájú àpéjọ, ẹ má ya fọ́tò wọn sínú ìwé ìrántí. Ẹ jẹ́ kí ẹrù tiwọn máa lọ ní alẹ́, kí ọmọ náà lè jí láàárọ̀, kí ó gbé orí sókè lọ sí ilé-ìwé bí ẹgbẹ́ rẹ̀.

Àjèjé ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Ẹni tó ní púpọ̀, kí ó mú púpọ̀ wá. Ẹni tó ní díẹ̀, kí ó má tijú díẹ̀. Kọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan ni agolo tiwa fi kún. Ọlọ́run Ọba yóò bù sí òwò wa, kò ní jẹ́ kí a rí iná mọ́, àwọn ọmọ wa yóò kàwé, wọn yóò sì gbé ara wọn ní ìrẹ́pọ̀. Ẹ kú ọdún Àjíǹde o.