Ohun Tó Yẹ Kó Wà Nísàlẹ̀ Ìsọ̀ Wa Orí Íńtánẹ́ẹ̀tì

 

Bí a bá ń di àpò èlùbọ́ sínú ọkọ̀ láti Ṣakí lọ sí Èkó, a kì í jẹ́ kó lọ láìfi máákà kọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù sí i lára. Bí dẹ́rẹ́bà bá já a síbi tí kò yẹ, àpò yóò rí olówó rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí kò jìnnà sí èyí.

Àwọn kan nínú wa tó ń ta aṣọ òfì ní Ìsẹ́yìn ti ní ìsọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó dára púpọ̀. Òkè ibẹ̀ ń dán, àwòrán ẹtù àti àlàárì ń wu ojú. Ṣùgbọ́n ẹ fà á wálẹ̀ dé ìsàlẹ̀ pátápátá, ibi tí àwọn ọmọ tó ń ṣe é ń pè ní fútà, ẹ ó rí i pé òfìfo ni. Bẹ́ẹ̀ ni ìyàwó ilé tó wà ní London, tí kò mọ̀ wá rí, ibẹ̀ gan-an ló ń wò kó tó san owó. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá a nílé, àbí gbájúẹ̀ ni wá.

Ẹ kọ orúkọ ìsọ̀ síbẹ̀ bó ṣe wà nínú ìwé CAC, kí ẹ fi nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ tì í. Ẹnikẹ́ni lè wá orúkọ yín lórí ìkànnì CAC. Ẹni tí kò tíì forúkọ sílẹ̀, kó má kọ irọ́ o. Bí ilé kò bá ní nọ́ńbà, ẹ kọ orúkọ àdúgbò, ọjà, àti ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀ nítòsí, lẹ́yìn náà Ìsẹ́yìn, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, Nàìjíríà. Nọ́ńbà fóònù, ẹ yọ òdo iwájú kúrò, kí ẹ fi +234 sí i, kí ará òkè òkun lè pè é.

Nọ́ńbà ta sì ni? Ọ̀kan nínú wa lo nọ́ńbà ọmọ tó bá a ṣe é. Ọmọ náà gba Àbújá lọ. Ẹni tó fẹ́ ra aṣọ ẹbí pè títí, kò rí ẹni dá a lóhùn, ó gba ibòmíràn lọ. Nọ́ńbà ẹni tó jókòó ti ọjà ni kí ẹ kọ.

Ọ̀rọ̀ dídá ọjà padà ló le jù. Pupa inú fóònù lè yàtọ̀ sí pupa tó jáde lórí òfì, ìjà sì dé nìyẹn. Àwọn kan ń kọ ọ́ gàdàgbà pé àwọn kì í dá owó padà. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018, tí àjọ FCCPC ń mójú tó, kò gba ìyẹn bí ọjà bá lábùkù. Ẹ sọ ọ́ kó yé: iye ọjọ́ tí a ó fi hun ún, iye ọjọ́ tí oníbàárà ní láti fi dá a padà, ẹni tí yóò san owó ọkọ̀, àti pé aṣọ tí wọ́n bá ti gé kò ní padà wá àfi bó bá ti lábùkù tẹ́lẹ̀. Nítorí ìgbéyàwó ni wọ́n sábà ń fi rà á, ọjọ́ tó bá kọjá ti kọjá.

Òfin mìíràn wà, ti ọdún 2023, lórí orúkọ, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà tí oníbàárà fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa. A gbọ́dọ̀ sọ ohun tí a ń fi í ṣe. Ìlà kan nísàlẹ̀ tó gbé ènìyàn lọ síbi tí àlàyé rẹ̀ wà ti tó.

Ẹ má kó gbogbo nǹkan síbẹ̀ bí àpò arúgbó. Facebook tí ẹ ti pa tì láti ọjọ́ pípẹ́, ẹ yọ ọ́. Bí 2019 bá ṣì wà níbẹ̀, oníbàárà yóò rò pé ẹ ti kógbá wọlé. Kí lẹ́tà má sì kéré tàbí ṣú débi tí àwa àgbà yóò máa wá awò ojú. Ẹ fi ọwọ́ tẹ nọ́ńbà náà lórí fóònù ẹlòmíràn, ẹ wò ó bóyá tiyín dún.

Ẹni tó bá ní irú ìsọ̀ bẹ́ẹ̀, kó mú fóònù rẹ̀ wá sí ìpàdé tó ń bọ̀. A ó jọ fà á wálẹ̀ dé ìsàlẹ̀, a ó sì wo ohun tó wà níbẹ̀.