Iyèré, Osùn, Kànáfùrù: Àgbo Tó Di Kápúsù

Ẹ bi ìyálé ilé kan pé kí ló ń fi iyèré ṣe, ọbẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ dárúkọ. Kànáfùrù ńkọ́? Ẹni tí eyín ń dùn mọ̀ ọ́n. Osùn rèé, tí wọ́n ń fi para fún ìyàwó àti ọmọ tuntun. Ẹ wá fi ewé ọkà bàbà kún un. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí ló wà nínú Niprisan, oògùn fòníkú-fọ̀ladìde tí NIPRD, ilé ìwádìí oògùn ìjọba àpapọ̀ ní Abùjá, ṣe jáde láti inú àgbo tí oníṣègùn ìbílẹ̀ kan ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ fi hàn wọ́n.

Àwọn kan á ní, ohun táwọn baba wa ti ń mu, kí la tún ń dán wò? Orúkọ àìsàn náà gan-an ló dá wọn lóhùn. Ẹni tó fi òní kú lè fi ọ̀la dìde láìmu nǹkan kan, nítorí ìrora àìsàn náà máa ń wá, á sì máa lọ fúnra rẹ̀. Bó bá wá rọlẹ̀, àgbo tó wà nítòsí la ó máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdí rèé tí wọ́n fi kó aláìsàn 82 jọ: wọ́n fún àwọn kan ní oògùn, wọ́n fún àwọn yòókù ní ayédèrú tó jọ ọ́, nígbà tó yá wọ́n pààrọ̀ wọn. Aláìsàn ò mọ èyí tí òun ń lò, dókítà náà ò mọ̀. Èsì rẹ̀ jáde ní 2001: ìrora líle dín kù. Ṣùgbọ́n kò wo àìtó ẹ̀jẹ̀ wọn. Ẹni tó bá ní ó ń wo àrùn náà sàn ti bù mọ́ ọn.

Àwọn mìíràn ní ewé mẹ́rin pa pọ̀ kì í ṣe oògùn, àfi ká yọ èròjà kan ṣoṣo, bí àwọn ará Ṣáínà ṣe yọ artemisinin fún ibà ní 1972. Mi ò gbà. Kí kápúsù tòní má yàtọ̀ sí tàná ló ṣe kókó. Bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ fún àwọn onímọ̀. NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, fọwọ́ sí Niprisan ní 2006. Ní 2008, gbèsè mu ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń ṣe é dé ọrùn. Ewé kọ́ ló kùnà níbẹ̀, owó ni. Èló wá ló yẹ kó kan oníṣègùn tó sọ àṣírí... wọ́n ti ń nawọ́ sí mi láti ẹ̀yìn gíláàsì sítúdíò. Ìròyìn ló kàn.