Ẹ̀yìn Ìyá Ni A Dúró Sí

Ìyálọ́jà ní kí a sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí oúnjẹ ilé kí a tó pín owó àjọ. A kò ní pẹ́.

Nínú gbogbo wa tí a jókòó síbí, kò sí ẹni tó ti inú ìwé kọ́ ọbẹ̀ sísè. Ẹ̀yìn ìyá ni a dúró sí. Wọ́n á ní, "Wá bá mi fẹ́ná," wọ́n á ní, "Gba ọmọrogùn yìí," bẹ́ẹ̀ ni a ṣe mọ̀ ọ́n. Kò sí òṣùwọ̀n kankan, ojú àti etí ni. Bí omi ṣe ń hó ni ìyá wa fi ń mọ ìgbà tó yẹ kí èlùbọ́ wọ inú ìkòkò.

Nígbà tí a délé ọkọ, ìyá ọkọ tún kọ́ wa ní tiwọn. Ẹni tó ti Ìjẹ̀bú wá fẹ́ ọkọ ní Ẹ̀rìn gbé ìkọ́kọrẹ́ dání, ó bá gbẹ̀gìrì nílẹ̀. Ẹlòmíràn ń fi ìjábẹ̀ ja ewédú, ìyá ọkọ ní àwọn a máa gún un ni. Àwọn kan nínú wa tilẹ̀ bá ìyá ọkọ jà nítorí kán-ún. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ mọ ara yín! Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, méjèèjì di ọ̀kan, òun ni àwọn ọmọ wa ń pè ní ọbẹ̀ ilé wa.

Ọ̀rọ̀ irú ló ń dùn wá jù. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe é mọ wàhálà rẹ̀: kí á se kóró di ọjọ́ kejì, kí á bó èèpo rẹ̀, kí á ṣàn án, kí á tún un sè, kí á wá bò ó mọ́lẹ̀ kó móoru fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Ọwọ́ ni àwọn ìyá fi ń mọ̀ bóyá ó móoru tó. Lónìí, ọmọ tí a bí á dé ìsọ̀ irú, á dimú, á lọ ra Maggi. A kò bá Maggi jà o, àwa náà ń tà á. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò mọ irú, ta ni yóò ra irú lọ́wọ́ wa lọ́la? Ẹni tí kò mọ èlùbọ́ tó gbẹ yàtọ̀ sí èyí tó ti bu, wọn yóò ta èyí tó bu fún un.

Ẹ wo àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bràsíl. Wọn kò gbé ọlọ dání, wọn kò gbé ìwé. Ọdún 1888 ni òwò àti oko ẹrú tó dópin pátá níbẹ̀. Títí dòní, ní ìlú Salvador, àwọn obìnrin ṣì ń fi epo pupa din àkàrà ní ìgboro, acarajé ni wọ́n ń pè é. Lọ́dún 2005, ìjọba Bràsíl kọ iṣẹ́ àwọn alákàrà yìí sínú ìwé àjogúnbá orílẹ̀-èdè wọn. Ìyá ló ń kọ́ ọmọ láti ìgbà náà wá. Àwa tí a wà nílé ńkọ́?

Ohun tí ìgbìmọ̀ ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé, lọ́jọ́ tí kì í bá ṣe ọjọ́ ọjà, kí oníkálùkù mú ọmọ kan wọ ilé ìdáná. Ọmọkùnrin náà wà níbẹ̀ o. Ṣé ẹ rí àwọn ọmọ wa tó lọ ṣe agùnbánirọ̀ lókè Ọya, tí wọ́n ń fi fóònù bi wá bí a ṣe ń ro àmàlà? Fóònù kò lè fi ọwọ́ hàn wọ́n.

Ní ìpàdé oṣù tó ń bọ̀, àwọn oníirú wa yóò se irú níwájú gbogbo wa níbí. Ẹ mú ọmọ yín wá. Ẹni tó bá ní kóró nílé kó bá wa mú díẹ̀ wá. Ẹgbẹ́ ni yóò san owó igi ìdáná.