Odi Kan Náà Ló Ń Dí Omi, Tó Ń Dí Ènìyàn



Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Marina l'Ékòó. Àwọn àgbà tó wà níbí rántí ìgbà tí ọ̀sà wà lẹ́bàá títì níbẹ̀, téèyàn lè jókòó sábẹ́ igi kó máa wo ọkọ̀ ojú omi. Ní àwọn ọdún 1970, ìjọba da iyanrìn sétí omi náà, wọ́n la ọ̀nà mọ́tò sórí rẹ̀, wọ́n sì gbé afárá gba ibẹ̀ kọjá. Wọ́n ní ìdí: sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ ti fẹ́ pa Èkó. Àmọ́ láti ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ fojú kan ọ̀sà láti ibùdókọ̀ CMS níbẹ̀, mọ́tò ni yóò kọ́kọ́ sá fún.

Ti Bar Beach, etíkun Victoria Island, tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láàárín 1908 sí 1912, ìjọba amúnisìn to òkúta wọ inú òkun lẹ́nu èbúté kí ọkọ̀ ńlá lè ráyè wọlé. Bẹ́ẹ̀ iyanrìn etíkun wa kì í dúró sójú kan. Ìgbì ń tì í láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn. Òkúta yẹn dá a dúró. Iyanrìn ń gbárajọ sí apá ìwọ̀-oòrùn, Victoria Island tó wà lódìkejì kò rí tirẹ̀ gbà mọ́, òkun wá ń jẹ ẹ́ wọnú. Léraléra ni wọ́n ń wa iyanrìn dà síbẹ̀, léraléra ni òkun ń kó o lọ. Nígbẹ̀yìn, wọ́n mọ odi tí wọ́n ṣètò pé gígùn rẹ̀ yóò jẹ́ kìlómítà 8.5, wọ́n da iyanrìn dí àárín odi àti ilẹ̀ láti fi kọ́ Eko Atlantic. Odi náà ń ṣiṣẹ́, n kò ní í purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n etíkun tí àwọn aláṣọ funfun ti ń gbàdúrà, tí àwọn ọmọ Mushin ń wá jayé lọ́jọ́ ọdún, kò sí mọ́. Ohun tó lé òkun sẹ́yìn ló lé wọn náà. Èmi ò rò pé èèṣì ni: etí omi tá a bá fi kọnkéré dè, kò ní gba omi láyè, kò sì ní gba ènìyàn.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ibi ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ bá mi dé Queens ní New York, létí East River. Ilẹ̀ tí àwọn ilé iṣẹ́ lò tí wọ́n pa tì ni Hunter's Point South. Wọ́n tiẹ̀ fẹ́ kọ́ ilé àwọn eléré Òlíḿpíìkì 2012 síbẹ̀, London ló gba eré náà mọ́ wọn lọ́wọ́. Ìjọba ìlú wá pinnu pé ilé gbígbé 5,000 ni àwọn yóò gbé síbẹ̀, tí ìpín 60 nínú 100 rẹ̀ yóò jẹ́ ti àwọn tówó wọn mọ níwọ̀n, kí etí omi sì jẹ́ ọgbà ìgbafẹ́ fún tọmọdé tàgbà. Apá kìíní ṣí ní 2013, apá kejì ní 2018.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣe é. Wọ́n fi àbàtà rọ́pò ògiri tó dojú kọ odò, wọ́n gbin koríko tó lè mu omi iyọ̀ síbẹ̀. Ìgbì tó bá dé inú rẹ̀, agbára rẹ̀ á rọ̀. Àgbàrá òjò kì í gba inú gọ́tà já sódò pẹ̀lú epo mọ́tò lórí. Kòtò oníkoríko lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ló ń mu ún, ilẹ̀ a sì sẹ́ ìdọ̀tí rẹ̀. Pápá tí àwọn ọmọ ti ń gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n ṣètò rẹ̀ kó lè gba omi dúró bí odò bá kún, kó sì máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún omi bí a ti ń tẹ́ ẹní sílẹ̀ de àlejò tá a mọ̀ pé yóò dé. Ó sì dé lóòótọ́: ní oṣù Kẹwàá 2012, nígbà tí iṣẹ́ ṣì ń lọ, ìjì Sandy jà. Ọgbà náà kò tìtorí ẹ̀ ṣàìṣí lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Oṣù méjì ṣáájú Sandy, òkun ya bo etíkun Kuramo l'Ékòó níbí, ẹ̀mí ṣòfò, ìjọba sì lé àwọn tó kù kúrò létíkun. N kò sọ pé ìṣẹ̀lẹ̀ méjèèjì dọ́gba. Àyè tí wọ́n fún omi níbẹ̀ àtèyí tí a fún un níbí ni mo ń wò.

A kò nílò koríko New York l'Ékòó. A ní igi ẹ̀gbà, tí gbòǹgbò rẹ̀ ń dúró lórí ẹrẹ̀ bí ẹsẹ̀ akàn, tó ń di iyanrìn mú, tí ẹja ń pamọ́ sí. Àwa fúnra wa ló gé e, tí a fi dáná, tí a da iyanrìn bo ibi tó kù. Ohun tí a wá ń pè ní ewéko ìlú ni koríko abẹ́ afárá tí wọ́n fi ṣéènì yí ká, tí ọmọdé kò gbọdọ̀ tẹ̀. Ọ̀ṣọ́ nìyẹn, kò gba omi, kò gba èèyàn.

Bí a bá fẹ́ ṣí etí ọ̀sà, a kò ní bẹ̀rẹ̀ nípa lílé àwọn tó wà lórí omi kúrò. Ní oṣù Keje, nínú ọdún 2012 yẹn kan náà, ìjọba wó ilé ní Mákòkó, àdúgbò àwọn apẹja lórí ọ̀sà, wọ́n ní àwọn ilé náà ń ba ojú ìlú jẹ́. Ta ló mọ ìgbà tí ọ̀sà ń kún, tó ń fà, ju apẹja lọ? Kí ayàwòrán tó fa ìlà kìíní, kó lọ jókòó tì wọ́n. Kí èbúté ọkọ̀ wọn wà nínú àwòrán náà, pẹ̀lú ibi tí obìnrin yóò ti yan ẹja, ilé ìyàgbẹ́, omi mímu, àti ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ láti títì dé omi tí ẹnikẹ́ni kò ní gbowó lẹ́nu rẹ̀.