Kòkòrò Tí Ń Jẹ Kòkòrò

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, lọ́kùnrin lóbìnrin, ní Atakpamé àti ní gbogbo abúlé àyíká rẹ̀, ọ̀rọ̀ igi máńgòrò ni a fẹ́ bá yín sọ lónìí.

Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà lè rántí ohun tí ó dé bá igi máńgòrò ní Togo ní nǹkan bí ọdún 1981 sí 1982. Kòkòrò kékeré kan bo abẹ́ ewé. Ara rẹ̀ funfun bí ẹni pé a ku ìyẹ̀fun sí i. Ilẹ̀ Éṣíà ni ó ti wá. Ó ń fa omi ara igi mu, ó sì ń da omi dídùn sórí ewé. Nígbà tí ó bá yá, ohun dúdú á hù lórí omi dídùn náà, ewé á sì dúdú bí ìdí ìkòkò. Igi kò so dáadáa mọ́. Àwọn mìíràn mú àáké, wọ́n gé igi tí bàbá wọn gbìn.

Kí ló dé tí kòkòrò yìí fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Ó wá, ṣùgbọ́n ọ̀tá rẹ̀ kò bá a wá. Àwọn àgbà ní kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ohun tí ń jẹ kòkòrò yìí náà wà níbi tí ó ti wá. Àwọn onímọ̀ wá a dé Íńdíà, wọ́n sì rí i. Agbọ́n kékeré kan ni, kò tó hóró ọkà bàbà. Wọ́n kọ́kọ́ dán an wò, kí ó má bàa di wàhálà mìíràn. Ní 1987, wọ́n tú u sílẹ̀ ní Togo níbí. Lẹ́yìn náà ni ó dé Benin àti àwọn ilẹ̀ mìíràn.

Ẹ gbọ́ bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́. Abo agbọ́n yìí á wá ọmọ kòkòrò funfun náà rí, á gún un, á sì yé ẹyin sínú rẹ̀. Ẹyin á pa. Ọmọ agbọ́n á máa jẹ inú kòkòrò náà, bí ayálégbé tí ń jẹ onílé. Kòkòrò á kú, ara rẹ̀ á le. Agbọ́n tuntun á dá ihò róbótó sí i lára, á jáde, á fò lọ wá òmíràn. Kì í ta ènìyàn, kì í sì í jẹ ewé.

Kò pa gbogbo kòkòrò náà tán. Bí wọ́n bá tán, kí ni agbọ́n yóò jẹ? Díẹ̀ á kù lórí igi, agbọ́n díẹ̀ á sì máa ṣọ́ wọn. Èyí kò pa igi lára.

Ẹ̀gẹ́ wa náà rí irú ìrànlọ́wọ́ yìí. Kòkòrò funfun mìíràn ń run ún. Ní 1981, ilé ìwádìí IITA ní Ìbàdàn tú agbọ́n kan tí a mú wá láti Paraguay sílẹ̀, ó sì ṣẹ́gun kòkòrò náà káàkiri Áfíríkà.

Nítorí náà, ẹ ṣe báyìí:

1. Ẹ yí ewé wò kí ẹ tó mú àáké. Bí ẹ bá rí òkú kòkòrò tí ó ní ihò róbótó lára, agbọ́n ti dé.
2. Ẹ má ṣe sáré fín oògùn. Oògùn tí ń pa kòkòrò ń pa agbọ́n pẹ̀lú.
3. Ẹ má ṣe gbé irúgbìn tí kòkòrò wà lára rẹ̀ láti ìlú dé ìlú.

Ìbéèrè: Kí ni ọmọ agbọ́n ń jẹ? Kí ló dé tí kò fi dára kí á sáré fín oògùn?

Ẹ ka ìwé yìí sókè fún ẹni tí kò tíì mọ̀wé.