Kí Òṣìṣẹ́ Ó Ní Ẹ̀rí Tirẹ̀
Ọ̀rọ̀ tí a bá ẹgbẹ́ sọ ní Kàbà

Ní ilẹ̀ wa yìí, "Okun" ni à ń kí ẹni tí a bá lẹ́nu iṣẹ́. Ìkíni náà ni ó sì di orúkọ gbogbo wa, Òwé, Ìjùmú, Yàgbà, àti àwọn ìbátan wa yòókù. Ẹ̀yà tí ń jẹ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú owó iṣẹ́ ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí àwọn baba wa ń ṣe àáró, wọn kò nílò ìwé. Ọjọ́ kan ní oko mi, ọjọ́ kan ní oko rẹ. Ojú gbogbo ẹgbẹ́ ni a fi ń san án. Ṣùgbọ́n lóde òní, wákàtí ni a fi ń ṣírò iṣẹ́ púpọ̀: ti ẹni tí ń kọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́ ilé, ti lébìrà tí a dá dúró di alẹ́, ti ọ̀dọ́ tí ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ fún ọ̀gá tí ó wà ní òkè òkun. Bí oṣù bá parí, tí ọ̀gá ní wákàtí 30 ni, tí òṣìṣẹ́ ní 40 ni, ta ni ẹlẹ́rìí? Àwọn àgbà ní bí a kò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a kì í rí ẹni bá ṣeré. Ti ìjà ni wọ́n ń sọ. Wọn kò sọ ti owó iṣẹ́.

Willard Bundy ti ìlú Auburn ní Amẹ́ríkà gba ìwé àṣẹ fún agogo tí ń tẹ àkókò tí òṣìṣẹ́ dé sórí ìwé. Ṣùgbọ́n ara ògiri ọ̀gá ni irú agogo bẹ́ẹ̀ ń wà. Èyí tí mo fẹ́ sọ fún yín lónìí, ọwọ́ òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni yóò wà.

Ledger ni orúkọ rẹ̀. John Wiegley ni ó ṣe é ní 2003, ọ̀fẹ́ sì ni. Kò ní àwòrán, kò ní bọ́tìnnì. Ọ̀rọ̀ ni a ń tẹ̀ láti fi pàṣẹ fún un. Kọ̀ǹpútà àlòkù lè gbé e, kò sì béèrè íntánẹ́ẹ̀tì. Ìlà méjì ni a ń kọ sínú ìwé rẹ̀ fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan:

i 2025/03/03 08:00:00 Iṣẹ́
o 2025/03/03 12:30:00

Lẹ́tà "i" ni ìbẹ̀rẹ̀, "o" sì ni ìparí. Bí a bá pàṣẹ pé kí ó ṣírò, yóò sọ pé wákàtí mẹ́rin àti ààbọ̀ ni. Bí iná bá lọ, kí a kọ ọ́ sí ìwé pélébé, kí a dà á kọ sínú kọ̀ǹpútà nígbà tí iná bá dé.

Àǹfààní rẹ̀ kò mọ sí orí owó nìkan. Òfin Òṣìṣẹ́ ti Nàìjíríà, tí a ṣe ní 1974, sọ ní abala 13 pé wákàtí tí ó bá ju iye tí a ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ lọ, àfikún iṣẹ́ ni. Ó ní ẹni tí ó bá ṣiṣẹ́ wákàtí 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóòjọ́ gbọ́dọ̀ ní ìsinmi tí àpapọ̀ rẹ̀ kò dín ní wákàtí 1, kí ó sì ní ọjọ́ ìsinmi 1 nínú ọjọ́ 7. Báwo ni ẹni tí kò kọ wákàtí rẹ̀ sílẹ̀ yóò ṣe fi hàn pé a fi òfin yìí dù ú?

Síbẹ̀, kí a má tan ara wa. Ẹ̀rọ kò mọ òtítọ́. Ẹni tí ó kọ irọ́ sínú rẹ̀, irọ́ ni yóò bá a ṣírò. Nítorí náà, lójú ẹsẹ̀ ni kí a máa kọ ọ́, kí ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ jọ wò ó ní òpin ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣì tutù. Kí ọ̀gá má sì sọ ọ́ di pàṣán. Wákàtí kọ́ ni òṣùwọ̀n gbogbo iṣẹ́ rere.

Ohun méjì ni mo bẹ̀ yín fún. Kí àwọn ọmọ wa tí wọ́n mọ kọ̀ǹpútà kọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, ní èdè wa. Kí ẹ̀yin olóyè, nígbà tí ẹjọ́ owó iṣẹ́ bá dé iwájú yín, sì kọ́kọ́ béèrè ìwé wákàtí lọ́wọ́ tọ̀tún tòsì kí ẹ tó ní kí ẹnikẹ́ni búra.